Mo Ní Ẹ̀rọ Bàbá Fúnkẹ́ Ti Kú

Bí ẹ bá dé Ilo-Awela lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n fi Ràímì onírédíò hàn yín, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà rárá. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà létí títì á nawọ́ sí ilé mi, wọ́n á sì fi kún un pé, "Bàbá dáadáa ni. Ọwọ́ wọn mọ́." Gbólóhùn yẹn ló ń jẹ́ kí n máa yára kí wọn kí n sì kọjá, nítorí mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi tún rédíò, tẹ́ẹ̀pù àti ẹ̀rọ orin ṣe nílùú Ọ̀tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa dì mú, èmi ò fẹ́ fi iṣẹ́ mi fọ́nnu níwájú yín. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo ti jìn sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòtò náà ṣe rí.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi, Jímọ̀, ló kọ́kọ́ wá sí Sango, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí n máa bọ̀, àyè wà. Ọjọ́ kan péré ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tí mo rí irin tó ń ṣàn bí omi, tó pọ́n bí ojú oòrùn, mo sá jáde. Ẹ̀gbọ́n mi bínú gan-an.

"Ṣé o mọ iye èèyàn tó ń tò lẹ́nu géètì yẹn láàárọ̀ kùtù? Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Mo ní, "Rédíò."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kó mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì.

Ọ̀gá Làmídì, ọmọ bíbí Ọ̀tà, Àwórì pọ́ńbélé. Inú ìlú gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í na èèyàn, ṣùgbọ́n bó bá kàn wò ọ́ báyìí, wàá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọdún kan gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan áyọ̀nù tí a fi ń yọ́ òjé. Kí n gbálẹ̀, kí n nu eruku, kí n máa gbọ́. Gbígbọ́ yẹn ni iṣẹ́ tó gbé lé mi lọ́wọ́. Á ní kí n dijú, á tan rédíò tó bàjẹ́, á béèrè pé, "Ṣé ó há ni, àbí ó ń kùn?" Bí mo bá ṣì í, a ó tún un ṣe.

"Ohùn tó há, ẹnu sípíkà ló ti ya," ló máa ń wí. "Èyí tó ń kùn, iná ló ń jò wọ inú ohùn. Tí o ò bá mọ ìyàtọ̀, ẹrú tẹ́sítà tí a fi ń yẹ iná wò lo máa jẹ́ títí láé."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọ̀gá lọ sí mọ́sálásí, tíṣà obìnrin kan gbé rédíò rẹ̀ wá. Èmi tí mo ti ń rí ara mi bí àgbà oníṣẹ́, mo gbé e, mo mì í létí, mo ní, "Mà, eléyìí ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn." Obìnrin náà gbé rédíò rẹ̀ mọ́ àyà, ó lọ. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo ròyìn fún un tìyànga-tìyànga.

"O ṣí i?"

"Rárá, sà."

Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé tíṣà yẹn, kí n kúnlẹ̀, kí n gba rédíò náà wá. Nígbà tó ṣí i, okùn bátìrì kan ló já. Ó lẹ̀ ẹ́ níṣojú mi, kò gba kọ́bọ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Dókítà tó ní aláìsàn ti kú láìfọwọ́ kàn án, kí là ń pè é?"

Oṣù mẹ́fà ló ní n kò gbọ́dọ̀ bá oníbàárà sọ ju "ẹ kú àárọ̀" àti "ẹ kú ọ̀sán" lọ. Àwọn oníbàárà tuntun rò pé odi ni mí.

Mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ilo-Awela. Kò sí ohun tó ṣòro jù nínú ìyẹn, mi ò ní fi pẹ́ yín. Ẹni tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ni ẹni tó wọlé tọ̀ mí wá ní ọjọ́ kan, tí ọmọbìnrin kékeré kan ṣíwájú rẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ibí ni ṣọ́ọ̀bù àbúrò Jímọ̀?"

Iléeṣẹ́ irin kan náà ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́. Irin gbígbóná ló ta sí i lójú, ó sì gba ojú méjèèjì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Fúnkẹ́, ọmọ tó mú un wá yẹn, nìkan ló ní, nítorí náà Bàbá Fúnkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ orin," ó ní. "Èyí tó dáa. Tẹlifíṣọ̀n ti tán lọ́rọ̀ mi, etí ló kù tí mo ní."

Èmi àti ẹ̀ ni a jọ lọ sí Alábà, ọjà ẹ̀rọ tó wà l'Ékòó. Mo ti ń bá àwọn èèyàn ra ẹ̀rọ tipẹ́, àmọ́ mi ò rí ẹni tó rajà bí ọkùnrin yìí rí. Àwọn tó ń tajà ń fà wá síbí, wọ́n ń fà wá sọ́hùn-ún, wọ́n ń yìn ín pé ó ń dán, pé tuntun ni. Kò dá wọn lóhùn. Ọwọ́ ló ń fi wo nǹkan. Ó ń kan pákó sípíkà bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Ó ń yí àwọn kọ́rọ́bọ́tọ́ tí a fi ń darí ohùn níwájú ampilifáyà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yí. Nígbà tó yá, ó dúró ti tòkunbọ̀ kan tó wúwo bí òkúta. Irin ni iwájú rẹ̀, kọ́rọ́bọ́tọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n tóbi tó ìdérí ìgò, sípíkà pákó rẹ̀ méjèèjì ga dé ìbàdí mi. Mo tàn án. Ó ṣe "hùùn" fún ìgbà díẹ̀, ó ṣe "tík," kó tó wá mú ohùn jáde.

Bàbá Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

"Ó mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn. Eléyìí ni mo fẹ́."

Nígbà tí a délé, mo fi fáìlì gé àmì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́rọ́bọ́tọ́ kọ̀ọ̀kan kí ìka rẹ̀ lè mọ ibi tí ohùn mọ, ibi tí rédíò wà àti ibi tí kásẹ́ẹ̀tì wà. Kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ tó fi mọ gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀, ìròyìn láti ilé rẹ̀ ni àdúgbò fi ń jí. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn alájọgbé á jókòó síta, òun á sì fi àpàlà dá wọn lára yá. Mi ò lè ka iye ọdún tí mo fi ń yà kí i. Mo máa ń nu eruku inú ẹ̀rọ náà fún un láìsí pé ó pè mí. Bí Nẹ́pà bá mú iná tó pọ̀jù wá, fíúsì á já, màá pààrọ̀ rẹ̀, a ó jọ mu gààrí, màá sì lọ.

Báyìí la wà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì fi dé. Àwọn yunifásítì náà dé. Ilẹ̀ tí a mọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́ lójú títì Ìdírókò di géètì ńlá àti ògiri tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀. Iyana Iyesi tó jẹ́ pé èèyàn lè dúró níbẹ̀ kó máa ka ọkọ̀, ó di ibi tí èèyàn ò ti rí ọ̀nà sọdá. Ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé tán ti ń gba àwọn olùjọsìn, gárééjì di ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù di ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ ohùn tó máa rinlẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ Ràímì onírédíò láti ọjọ́ pípẹ́, mo di Enjinía. Mùsùlùmí ni mí, síbẹ̀ àwọn pásítọ̀ ń ti ibi jíjìn wá mi. Mo fẹ́ràn orúkọ tuntun yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ a máa pa èèyàn bí ọtí.

Iṣẹ́ náà ń yí padà lọ́wọ́ wa. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, bí o bá ṣí wọn, gbogbo ohun tó wà nínú wọn lo lè fi ojú rí, o lè fi ọwọ́ kàn. Àwọn tuntun, pátákó kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́, ohun tó wà lórí rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí. Mo ra awò tó ń mú nǹkan tóbi, ojú sì ń ro mí. Lákòókò yẹn náà ni àwọn hóòmù tíátà olówó pọ́ọ́kú gba ìgboro: sípíkà kéékèèké márùn-ún tí kò ju páálí ọṣẹ lọ, àpótí báàsì kan, àti rìmóòtù. Oníṣòwò kan ní Sango ń kó wọn fún mi, èmi náà sì ń jẹ díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá tà.

Kò sí ọjọ́ tí wọn ò ní bi mí pé, "Enjinía, ká tún ti àtijọ́ yìí ṣe ni, àbí ká ra tuntun?" Ìdáhùn òtítọ́ wà, Ọ̀gá Làmídì ì bá sì ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan ṣoṣo, tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí iná rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ló fẹ́ fi sípíkà tó ga bí ìbàdí ṣe? Bá a bá ń gún iyán nínú ewé, bá a bá ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Kékeré tuntun ti tó irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ iná púpọ̀, ó ń ka fíláàṣì, ó sì ń gba orin láti inú fóònù. Àmọ́ bó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ nìyẹn, òde àkìtàn ló ń lọ. Ẹni tó bá sì ní ti àtijọ́ tó dáa, tí pákó rẹ̀ kò tíì rà, kó wá ẹni tó máa ṣí i fún un kó tó gbé e jù sílẹ̀. Ohun kẹta ni mo gbàgbé láti máa sọ, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù: ta ló máa lò ó? Ọwọ́ ta ló máa wà lára rẹ̀? Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìyẹn mọ́. Ẹnu mi ti wọ́ sí ọ̀dọ̀ tuntun.

Pásítọ̀ kan wà lẹ́bàá Iyana Iyesi, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìjọsìn tán. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Ní Ọjọ́bọ̀, ampilifáyà wọn jó. Ó sáré wá bá mi.

"Enjinía, ẹ má jẹ́ kójú tì mí níwájú àlejò. Àwọn tuntun wọ̀nyí ò lágbára. Ẹ bá mi wá àtijọ́ kan tó le, ibi yòówù kó wà."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mi ò sì ní ibì kan tí mo ti fẹ́ rí i.

Ní ọjọ́ kejì ni Fúnkẹ́ pè mí. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé gbígbé àwọn ọmọ yunifásítì. "Bọ̀dá Ràímì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti àná."

Mo lọ. Bàbá jókòó tì mí lórí àga, ó kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ọwọ́ mi. Mo tú ìdí ẹ̀rọ náà. Òjé kan ló ti ṣí lẹ́bàá fíúsì, okùn kan sì já kúrò níbẹ̀. Kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tilẹ̀ ti ki áyọ̀nù bọ iná. Mo wo okùn yẹn, mo wo irin tó nípọn yẹn, mo rántí Pásítọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ Èṣù. Èmi ni. Mo yọ áyọ̀nù kúrò nínú iná.

"Kí ló ṣe é, Ràímì?"

"Bàbá, ó ti kú."

Ó na ọwọ́, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń yẹ ibà lára ọmọ wò.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Tiransifọ́mà rẹ̀ ló jó. Kò sí irú ẹ̀ mọ́."

"Mi ò gbóòórùn ìjóná."

Mo ní, "Inú lọ́hùn-ún ló ti jó, Bàbá. Ó ti pẹ́."

Ó mi orí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ojú tìrẹ ni mo ń lò níbí yìí."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé hóòmù tíátà wá fún un. Mo ní kí n bá a gbé òkú ẹ̀rọ kúrò kó má baà gbàyè. Bí mo ṣe ń to tuntun sórí tábìlì, ẹnu mi tó ti mọ ìpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: "Bàbá, ẹ ò rí i bí iná aláràbarà ṣe ń tàn níwájú ẹ̀!" Fúnkẹ́ wò mí. Bàbá ló rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì mí. Ó ní, "Fúnkẹ́ á máa bá mi wò ó."

Mo fi rìmóòtù sí i lọ́wọ́. Bọ́tìnnì ibẹ̀ kéré bí irúgbìn, wọ́n sì pọ̀. "Èwo ni rédíò nínú ẹ̀?" Mo gbé ìka rẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ sórí òmíràn, ẹ̀rọ náà kú. Ó tún béèrè. Mo tún gbé ìka rẹ̀ lé e. Ní ìgbà kẹta mo ní á mọ́ ọn lára, mo dágbére.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo jókòó sí ìdí ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yẹn. Mo ti lẹ okùn yẹn padà, mo ti nu irin rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ìsìn ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo rí Fúnkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn akẹgbẹ́ Fúnkẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń mú un lọ. Wọ́n jókòó sí ìlà kẹta. Pásítọ̀ juwọ́ sí mi pé kí n tàn án. Mo tàn án.

Hùùn. Tík.

Bàbá gbé orí sókè. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló jókòó, tó yí etí sí ọ̀dọ̀ mi.

Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí ọmọ rẹ̀ mú òun wá.

"Ràímì, ṣé ìwọ lo wà nídìí ẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìjọsìn."

"Ẹ̀rọ wo lẹ lò yìí?"

"Tòkunbọ̀ kan ni. Alábà ni mo ti rà á."

"Ó jọ tèmi."

"Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, Bàbá. Wọ́n pọ̀ nígboro."

"Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ẹ rántí àmì tí mo fi fáìlì gé sí i. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Mo kígbe pé, "Ẹ má ṣe é, Bàbá! Iná wà lára ẹ̀!"

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn wìì, bí ọmọdé. Ẹni tí irin gbígbóná ti gba ojú rẹ̀ ni mo fi iná dẹ́rù bà. Ó gbé ọwọ́ náà mọ́ àyà. "O ṣeun tí o sọ fún mi," ló wí. Fúnkẹ́ sì mú un lọ.

Èmi ò dẹ́kun àtimáa kí i. Mo rò pé bí mo bá dẹ́kun, á fura. Mo máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ilé rẹ̀ máa ń dákẹ́ nígbà tí mo bá wọlé lọ́sàn-án, mi ò sì béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tó ju òkúta sínú ọbẹ̀ kì í béèrè ohun tó ń dun eyín.

Kò tó ọdún kan sí ìgbà náà. Ọ̀sán gangan ni, Fúnkẹ́ wà níbi iṣẹ́. Nẹ́pà mú iná wá, iná náà sì pọ̀jù, gílóòbù ń bẹ́ ní ilé onílé. Ẹ̀rọ àtijọ́ ì bá ti já fíúsì rẹ̀, kó dákẹ́, kó máa dúró dè mí. Tuntun yẹn kò ní irú ìyẹn nínú. Okùn rẹ̀ wà lára iná, ó gbiná, aṣọ tábìlì gbà á. Bàbá gbóòórùn èéfín. Ilé rẹ̀ ni, kò sí ẹni tó máa pè tó máa yára dé, ó sì wá ìdí iná náà rí pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tó fi ń wá nǹkan rí. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń lù ú kó kú. Nígbà tí àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn, iná ti kú, ògiri ló dúdú díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló jóná.

Mo lọ wò ó nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n orí ìka rẹ̀ ti yigbì bí awọ bàtà. Ó mú aṣọ kan dání, ó ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Mi ò mọ aṣọ mi yàtọ̀ sí ti Fúnkẹ́ mọ́, Ràímì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí."

Alájọgbé rẹ̀ kan tó sìn mí jáde ló wá là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbé fún wọn yẹn, wọn ò lè tàn án fúnra wọn. Bí Fúnkẹ́ bá ti jáde láàárọ̀, nínú ìdákẹ́jẹ́ ni Bàbá ń jókòó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Mo rìn dé ìdí igi kan, mo jókòó sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Pásítọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó di orí mú. Ó ní wọ́n ti ra ẹ̀rọ ńlá mìíràn, wọ́n sì ti ta ti àtijọ́ yẹn fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, ọ̀nà Igbesa ni wọ́n kó o gbà. Mo gun ọ̀kadà. Ojú ọ̀nà oko ni, eruku bò mí. Mo bá a níbẹ̀ lóòótọ́, láàárín àwo mọ́tò àti páànù. Wọ́n ti yọ bàbà inú rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ló kù, ihò mẹ́rin ni kọ́rọ́bọ́tọ́ mẹ́rin dà. Mi ò rí ohun kan tí mo lè gbé padà.

Mo ti ibẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ Bàbá. Fúnkẹ́ ń fi síbí bọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín ò kú. Okùn kan ló já. Mo pa irọ́ fún yín. Òun náà ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Síbí dúró lọ́wọ́ Fúnkẹ́. Bàbá jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, Bàbá?"

"Láti ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ. Ohun tí mo bá gbé ní gbogbo ọdún yẹn, ṣé mi ò ní mọ èémí rẹ̀ ni? Mo ní Ràímì á wá sọ fún mi lọ́la. Nígbà tó yá, mo ṣíwọ́ ríretí ọ̀la."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi mú mi?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tó gbẹ. "Ìwọ nìkan lo ń wá kí mi láàárín ọ̀sẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ẹ́, o ò ní wá mọ́. Ta ló wá kù?"

Wọ́n ti bú mi rí láyé mi. Ọ̀gá Làmídì ti jẹ mí níyà. Kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti gba irọ́ mi gẹ́gẹ́ bí owó orí, kó lè rí ẹni bá jókòó.

Fúnkẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀. "Ẹ dìde nílẹ̀, Bọ̀dá Ràímì."

Mo rò pé àánú ni. Mo dìde.

"Bàbá mi lè dárí jì yín, tiwọn nìyẹn. Èmi ni mo ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, èmi ni mo ń di bọ́tìnnì wọn. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ má tún wọ ilé yìí mọ́."

Mo wo Bàbá. Ó yíjú sí ògiri. Kò ní kí n dúró, kò sì ní kí n lọ.

Mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn. Mo dá ọjà oníṣòwò Sango padà. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀rọ tí mi ò bá tíì ṣí, bí mo bá sì ṣí i, mo ń pe olówó rẹ̀ kó wá wo inú rẹ̀. Àwọn èèyàn yìn mí fún un. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ìwà rere ló ń ṣe mí, ìtìjú ni. Nígbà tí ojú mi ò gbé àwọn ohun wínníwínní yẹn mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ ọ. Irinṣẹ́ á máa yí padà, ẹ ó máa kọ́ tuntun, ìyẹn kì í pa èèyàn. Ohun tí mi ò rí ẹni sọ fún mi ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó mọ iṣẹ́ yín dé ibi tí kò ti ní sí ẹni tó lè já yín nírọ́. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù ara yín.

Fúnkẹ́ ti ra rédíò kékeré kan fún bàbá rẹ̀, èyí tó ní ohun yíyí ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ń gbà lọ kírun. Fèrèsé rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀. Lánàá òde yìí, bí mo ṣe ń kọjá, rédíò náà ń hó ṣáá, ó ti yẹ̀ kúrò lórí ibùdó ìròyìn. Mo gbọ́ ìka rẹ̀ tó ń yí i, tó ń yí i kọjá, tó tún ń yí i padà. Ohun tó kù kó dé ibẹ̀ kò ju fífẹ̀ irun orí lọ. Bí wọ́n bá gbà mí láyè, ìka mi kan péré ti tó. Mo dúró lójú títì, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn. Ó yí i, ó yí i, títí tí ohùn oníròyìn fi já gaara. Mo gbọ́ tí Bàbá mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó lọ.